Ìtàn Bílíkísù Súngbọ́ àti Yàrà Ńlá Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní alẹ́ òní kì í ṣe ìwàásù. Ìbéèrè kan ni ó bí i. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ ní Odògbolú níhìn-ín, ọmọbìnrin kan mú Bíbélì rẹ̀ tọ̀ wá wá, ó ti ṣí i sí Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí kẹwàá. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó sì wí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé ayaba Ṣébà tí ó wà nínú ìwé yìí ni wọ́n sin sí Òkè-Èrì?" A rẹ́rìn-ín, a ní kí ó jẹ́ kí a jẹun ná. Ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ rẹ̀ kan ti sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ògo ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Oníwàásù kan sì ti sọ fún un pé irọ́ àwọn abọ̀rìṣà ni, kí ó má tilẹ̀ dárúkọ ibẹ̀ mọ́. Èsì méjèèjì yìí kò tẹ́ ọmọ náà lọ́rùn, nígbàtí a sì rò ó títí, kò tẹ́ àwa náà lọ́rùn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú lè rí. Yàrà kan wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí ó yí ìjọba àtijọ́ ká. Erédò ni a ń pè é, a sì so orúkọ Súngbọ́ mọ́ ọn. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 160, àyíká tí ó là sílẹ̀ sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Ìjẹ̀bú-Òde àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú àti abúlé wa fi bọ́ sí àárín rẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbẹ́ ẹ da erùpẹ̀ rẹ̀ sí ìhà inú, ó sì di òkìtì gíga. Ní ibi tí ó jìn jùlọ, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó mítà 20, èyí tí ó ga ju ilé alájà márùn-ún lọ. Orúkọ rẹ̀ ni ìlú Erédò tí ó wà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ ń jẹ́ títí di òní.

A ti sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ rí. Ọdẹ kan ni ó mú wa lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń fi àdá lànà níwájú, àwa ń fi ọ̀pá tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ wa sì ń yọ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni ìtútù. Lókè, oòrùn ń jó ènìyàn bí iná. Nísàlẹ̀, ó dàbí ìgbà tí a bá wọ inú ilé amọ̀ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ògiri yàrà náà dúró ṣánṣán ní ọ̀tún àti ní òsì, ilẹ̀ pupa ni, ewédò sì ti bò ó mọ́lẹ̀ bí aṣọ. Àwọn igi ńláńlá ti hù sí orí òkìtì, wọ́n sì pa ẹ̀ka wọn pọ̀ mọ́ra lókè orí wa. Ní ìsàlẹ̀, ilẹ̀ rọ̀, ó sì ń ṣomi. A bi ọdẹ náà pé ta ni ó gbẹ́ ẹ. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn, ó ní, "Obìnrin ni." Ó sì ń bá iṣẹ́ àdá rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá tí ó bí bàbá wa ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa ní ìgbà èwe wa. Ó ní obìnrin kan wà ní ìgbà láéláé, Súngbọ́ ni orúkọ rẹ̀, opó ni, ó sì lọ́rọ̀ jù. Ó ní wúrà, ó ní eyín erin, ó ní ẹrú tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Ṣùgbọ́n kò bímọ. Nígbàtí ó sì rí i pé kò sí ẹni tí yóò máa pe orúkọ òun lẹ́yìn ikú, ó kó gbogbo ẹrú rẹ̀ jọ, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yí gbogbo ìlú ká, kí ilẹ̀ lè máa pe orúkọ òun nígbàtí ọmọ kò sí láti pè é. Nígbàtí ìyá wa àgbà bá dé ibi yìí, ohùn rẹ̀ a máa rẹlẹ̀. Ìgbà tí a dàgbà tán ni a tó mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ obìnrin kan kò bímọ, àti pé nítorí rẹ̀ ni ó ṣe ń sọ ìtàn náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyèsí i pé nínú ìtàn tí ìyá wa sọ, a kò gbọ́ orúkọ Sólómọ́nì. Àwọn ẹlòmíràn ni ó ń fi èyí kún un: pé Súngbọ́ yìí ni Bílíkísù, pé Bílíkísù sì ni ayaba Ṣébà, pé ó rin ìrìn-àjò lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó sì padà wá kú sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní Òkè-Èrì, ní tòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni a ń fi ibojì rẹ̀ hàn ní inú igbó kan. Wọ́n ní ewé igi kì í já sí orí ibojì náà kí ó dúró níbẹ̀, àti pé ibẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní láìsí ẹni tí ó gbá a. Mùsùlùmí ń lọ síbẹ̀, onígbàgbọ́ ń lọ síbẹ̀, àwọn tí ń bọ òrìṣà náà ń lọ. Olúkúlùkù ń gbàdúrà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀, obìnrin kò gbọdọ̀ wọlé. Ibojì obìnrin tí obìnrin kò gbọdọ̀ dé! Àwa tí a ti mọ Agẹmọ láti kékeré, tí a mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ti ilẹ̀kùn nígbàtí ó bá ń lọ sí Ìmọ̀sàn, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu púpọ̀, síbẹ̀ a jẹ́wọ́ pé ó ń yà wá lẹ́nu.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wò ó bí ẹni wo aṣọ tí a tún lẹ̀, kí a mọ èyí tí ó jẹ́ ojúlówó àti èyí tí a fi kún un.

A gbà pé Sólómọ́nì jọba ní nǹkan bí 950 ọdún kí a tó bí Olúwa wa. Báwo ni yàrà wa ti pẹ́ tó? Ọ̀mọ̀wé Patrick Darling, tí ó ti fi ọdún púpọ̀ wọn àwọn yàrà ilẹ̀ Ìbíní, ni ó wá wọn tiwa pẹ̀lú ní àwọn ọdún 1990. Nígbàtí ó sì di 1999, ìròyìn rẹ̀ gba ayé kan. Ìṣirò ìgbà náà sọ pé a ti gbẹ́ ẹ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn, tí Gérard Chouin àti Adísà Ògúnfọlákàn wà lára wọn, tún wú ilẹ̀ náà, wọ́n sì fi èédú tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ṣe ìṣirò. Ohun tí wọ́n rí tọ́ka sí ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá àti ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹẹ̀ẹ́dógún, láàárín nǹkan bí 1370 sí 1420. Bí a bá mú ti ìṣáájú, ayaba Ṣébà ti kú ní nǹkan bí 1,900 ọdún kí ọkọ́ àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀. Bí a bá mú ti ìkẹyìn, ó lé ní 2,300 ọdún. Kò sí bí obìnrin kan náà ṣe lè lọ kí Sólómọ́nì kí ó sì tún gbẹ́ Erédò.

Níbo ni orúkọ náà ti wá, nígbà náà? Bíbélì kò sọ orúkọ ayaba náà. Kùránì pẹ̀lú, ní Súrà kẹtàdínlọ́gbọ̀n, sọ ìtàn rẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Àwọn olùtumọ̀ Mùsùlùmí ni wọ́n ń pè é ní Bílíkísù. Nítorí náà, orúkọ yìí kò lè dé ẹnu àwọn baba wa kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Lójú tiwa, Súngbọ́ ni orúkọ àtijọ́, Bílíkísù ni àwọn ọmọ kéú fi ṣáájú rẹ̀ nígbàtí wọ́n gbọ́ ìtàn obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ó jọba, tí wọ́n sì rò pé obìnrin ọlọ́rọ̀ méjì bẹ́ẹ̀ kò lè sí láyé. Lẹ́yìn wọn ni àwa onígbàgbọ́ dé, a gbé Bíbélì wa, a sì rí i pé Bílíkísù àwọn Mùsùlùmí ni Ṣébà tiwa. Báyìí ni obìnrin Ìjẹ̀bú kan ṣe di aráàlú Jerúsálẹ́mù láìrin ìrìn kan.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń fà á mọ́ra. Àwọn ará Etiópíà ń pè é ní Mákédà, ìwé wọn tí ó ń jẹ́ Kebra Nagast sì sọ pé ó bí ọmọkùnrin kan fún Sólómọ́nì, Ménélíkì ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó sì fi ìdí ìjọba wọn múlẹ̀. Ní ilẹ̀ Yẹ́mẹ̀nì, lẹ́bàá ìlú Márìbù, àwókù tẹ́ńpìlì àtijọ́ kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ibi mímọ́ Bílíkísù. Ibẹ̀ ni ìlú àwọn ará Ṣébà wà ní tòótọ́. Ó hàn pé obìnrin tí ó fi àlọ́ dán ọba wò, tí ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, kì í pẹ́ kí ó tó ní ilé púpọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àìmọ̀wé ni ó mú kí àwọn baba wa ro irú èrò yìí. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ìhà gúúsù, ní Sussex, àfonífojì ńlá kan wà lẹ́bàá ìlú Brighton tí wọ́n ń pè ní Yàrà Èṣù. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń sọ pé Èṣù bínú nítorí ìjọ tí ń pọ̀ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀ ní òru kan láti jẹ́ kí òkun wọlé wá bo gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ìhà náà mọ́lẹ̀. Arúgbó obìnrin kan gbọ́ ariwo rẹ̀, ó tan fìtílà sí ojú fèrèsé, àkùkọ kọ, Èṣù rò pé ilẹ̀ ti mọ́, ó sì sá lọ láìparí iṣẹ́. Ìtàn dídùn ni. A ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́-Ìsinmi rí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ìyá arúgbó náà. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ pé otútù àti omi yìnyín ìgbà láéláé ni ó gbẹ́ ibẹ̀, kò sí ọwọ́ ènìyàn tàbí ti Èṣù níbẹ̀. Yàrà mìíràn wà ní ilẹ̀ wọn tí ènìyàn gbẹ́ ní tòótọ́, tí ó ń jẹ́ Wansdyke. Orúkọ òrìṣà àtijọ́ wọn, Wódénì, ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n wá bá yàrà náà nílẹ̀ kò mọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ènìyàn kò lè ṣe èyí," wọ́n sì fi í fún òrìṣà. Àní Stonehenge, àwọn òkúta gàgàrà tí gbogbo ayé mọ̀, Geoffrey ará Monmouth kọ ọ́ ní nǹkan bí 1136 pé oníṣẹ́ ìyanu kan tí ó ń jẹ́ Merlin ni ó kó wọn wá láti ilẹ̀ Áyálàǹdì.

Ṣùgbọ́n ti Offa yàtọ̀. Offa jọba ní Mercia láti 757 sí 796. Yàrà gígùn kan wà ní ààlà Wales tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè, àlùfáà kan tí ó ń jẹ́ Asser sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ pé ọba náà ni ó ṣe é, láti òkun dé òkun. Nítorí ìlà kan péré nínú ìwé ẹnìkan, Offa kò di òrìṣà, kò sì di Èṣù. Ọba ni ó wà síbẹ̀.

Àwa náà ní ìlà tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú wa ni ó mọ̀ ọ́n. Atukọ̀ Potogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ ìwé kan ní nǹkan bí 1505 sí 1508 nípa etíkun ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Nígbàtí ó dé ọ̀rọ̀ odò Èkó, ó sọ pé ìlú ńlá kan wà ní òkè lọ́hùn-ún tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Geebu, pé yàrà ńlá kan yí i ká, àti pé Agusale ni orúkọ ọba rẹ̀. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò ní gbọ́ Awùjalẹ̀ nínú orúkọ yẹn. Ó tún sọ ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀: eyín erin, àti ẹrú, tí a ń fi ẹ̀gbà idẹ méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ra ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọkàn wa kò fẹ́ kí a sáré kọjá. Ọ̀mọ̀wé Darling ṣírò pé erùpẹ̀ tí a kó jáde nínú Erédò tó mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ìwọ̀n mítà kúbíìkì, èyí tí ó ju gbogbo òkúta tí a fi kọ́ òkìtì ńlá Íjíbítì lọ. Ẹ mú ọkọ́ àti agbọ̀n, kí ẹ fi ojú inú wò ó. Bí ọkùnrin kan bá lè kó ìwọ̀n kan jáde lóòjọ́, tí a sì ń ṣiṣẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, bí àádọ́jọ ọjọ́ lọ́dún, ẹgbẹ̀rún ọkùnrin yóò fi ohun tí ó lé ní ogún ọdún ṣe é. Ẹgbàá-méjì àti ẹgbẹ̀rún yóò fi nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ta ni ń bọ́ wọn? Ta ni ń gbin iṣu wọn? Nígbàtí òkìtì ya lulẹ̀ ní òru òjò, ta ni ó wà lábẹ́ rẹ̀? Ìtàn ìyá wa àgbà sọ pé ẹrú ni wọ́n. Atukọ̀ Potogí sọ pé ẹrú wà ní ọjà wa. A kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹrú ni ó gbẹ́ gbogbo rẹ̀, nítorí ọba lè pe ọmọ ìlú sí iṣẹ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n a ti gbọ́ tí wọ́n ń yin Súngbọ́ fún ọrọ̀ rẹ̀ ní ìgbà púpọ̀, a kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ àwọn tí wọ́n di ọkọ́ mú.

Kí ni a gbẹ́ ẹ fún? Àwọn kan ní ogun ni. Òkìtì tí ó wà ní ìhà inú fi èyí hàn, nítorí ẹni tí ó bá ń bọ̀ láti òde yóò kọ́kọ́ ṣubú sínú yàrà kí ó tó kọjú sí òkè. Àwọn mìíràn ní ààlà ọba ni, kí gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ lè mọ ẹni tí òun ń sìn. Ìtàn àwọn àgbà wa náà ní nǹkan láti sọ: wọ́n ní nígbàtí Olú-Ìwà dé, ó rán Ajẹ̀bú láti lọ fi ààlà ilẹ̀ hàn, ó sì ní kí Olóde la ìlú, láti ara àwọn méjèèjì ni a sì ti rí orúkọ Ìjẹ̀bú-Òde. Lẹ́yìn wọn ni Ọbańta dé. A kò sọ pé Ajẹ̀bú ni ó gbẹ́ Erédò. A kàn ń fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ààlà ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn wa. Ọlọ́gbọ́n ọba lè fi yàrà kan ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ohun tí ó dájú ni pé kì í ṣe àlejò láti Ṣébà ni ó kọ́ wa ní iṣẹ́ yìí. Ìbíní ní yàrà tirẹ̀, Ifẹ̀ ní odi tirẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará igbó ni. Nígbàtí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott sì kó ogun Gẹ̀ẹ́sì wá láti Ẹ̀pẹ́ ní oṣù Karùn-ún 1892, tí wọ́n jà ní Ìmàgbọ̀n, ayé ti di ti ìbọn Maxim, ìgbà yàrà ti kọjá.

Èyí ni a sọ fún ọmọbìnrin náà nígbàtí ó padà wá. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó sì tún béèrè ohun kan tí a kò retí. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá mú Ṣébà kúrò níbẹ̀, ta ni yóò máa ṣọ́ ibẹ̀?"

Ẹ̀yin ará, a kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Nítorí ohun tí ọmọ náà rí, òótọ́ ni. Igbó Òkè-Èrì ṣì dúró nítorí ẹ̀rù Bílíkísù ń ba ọlọ́dàá. Ṣùgbọ́n ní ibòmíràn tí Erédò gbà kọjá tí kò ní ibojì, tí kò ní èèwọ̀, ọ̀nà mọ́tò ti gé e, oko ti bọ́ sórí rẹ̀, àwọn kan ń wa ilẹ̀ pupa òkìtì náà fún títẹ́ ọ̀nà àti fún ìpìlẹ̀ ilé, àwọn kan sì ń da pàǹtírí sínú yàrà. Láti 1995 ni orúkọ Erédò ti wà nínú ìwé tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò fún àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n orúkọ nínú ìwé kò dí kàtákàtá lọ́wọ́. Àwa tí a ń wàásù lòdì sí ìbẹ̀rù igbó, a ní láti jẹ́wọ́ pé ìbẹ̀rù náà ti ṣe iṣẹ́ tí òfin kò tíì ṣe.

Síbẹ̀, a kò lè torí èyí sọ fún ọmọ Ọlọ́run kan pé ohun tí a mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a sọ fún un ni pé kí ó lọ rí i fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, a kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ mẹ́tàlá pẹ̀lú ìyá wọn méjì lọ sí ibi kan tí obìnrin kò ní èèwọ̀ láti dé, níbi tí ọdẹ ọ̀rẹ́ wa ti lànà fún wa. Wọ́n mú okùn lọ́wọ́. Ọ̀kan dúró sí orí òkìtì, ọ̀kan sì wà ní ìsàlẹ̀, wọ́n ń pe nọ́ńbà sí ara wọn, ohùn wọn sì ń dún nínú yàrà náà bí ohùn tí ń bọ̀ láti inú kànga. Wọ́n wọn ibẹ̀, ó tó mítà mọ́kànlá. Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sínú ìwé ìdárayá rẹ̀, ó kọ ọjọ́ náà sí i, ó sì kọ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n di okùn mú.